Ìdí tí Àdá Kì í Fi Í Dọ̀bálẹ̀ fún Omi

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀, tí alágbẹ̀dẹ kò sì gbọ́ nítorí ariwo ọmọ owú tó fi ń lu irin, kò sí àdá kan tó ń pẹ́ láyé. Èyí tó bá le, fífọ́ ló ń fọ́ bí àwo. Èyí tó bá rọ̀, títẹ̀ ló ń tẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ògúntóyè alágbẹ̀dẹ rọ àdá mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà. Lẹ́bàá iná rẹ̀ ni ọpọ́n omi wà. Ìyá Omi ni gbogbo irin ń pè é, nítorí kò sí èyí tó dé ibẹ̀ tí kò bá a níbẹ̀. Ìyá Omi sì fẹ́ràn ìkíni.

Ẹ̀gbọ́n àgbà jẹ́ ọmọlúàbí. Bó ṣe jáde nínú iná, tó pọ́n roro, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá." Ṣìì. Ó le gan-an. Ó dé oko, ó kan gbòǹgbò ìrókò, ó dá sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n kejì gbọ́, ó ní òun kò ní í kí ẹnikẹ́ni. Ó sùn sínú eérú títí ara rẹ̀ fi tutù. Gbòǹgbò kan náà ló ká a bí ẹni ká ẹní.

Wọ́n kó àwọn méjèèjì dà sórí òkìtì ìdàrọ́, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí irin sí.

Láṣebìkan, olórí àwọn àgbẹ̀, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ògúntóyè, igbó ti fẹ́ wọlé bá wa. Tí èyí tó kù yìí kò bá ṣiṣẹ́, òkìtì ni a máa kó gbogbo irin rẹ dà sí. A ó padà sídìí òkúta. Òkúta kò dára, àmọ́ kì í dójú tì wá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni Ògúntóyè wí. Ọkàn tirẹ̀ kò balẹ̀.

Àbíkẹ́yìn Àdá wà nínú iná, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Inú irin kò ṣófo o. Àwọn hóró kéékèèké ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n tò bí àgbàdo. Bí iná bá mú wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á máa rìn káàkiri. Bí omi tútù bá bá wọn lójijì, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á di ara wọn mú gírígírí. Líle nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ara mú jù kò lè yẹ̀ fún ohunkóhun, ìdí nìyẹn tó fi ń dá. Bí wọ́n bá sì tutù díẹ̀díẹ̀, olúkúlùkù á nà sórí ẹní rẹ̀. Rírọ̀ nìyẹn.

Àdá ronú. Bí òun bá dọ̀bálẹ̀, òun gbé. Bí òun kò bá kí àgbà, òun gbé náà.

Ẹmú ló máa ń gbé irin jáde nínú iná. Bó ti ń bọ̀, Àdá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti dì mí mú."

"Kí ló ṣe ẹ̀yìn rẹ?"

"Ó ń dùn mí."

Ẹmú wò ó. "Ìwọ tí wọn kò tíì rọ tán. Iṣẹ́ wo lo ṣe tí ẹ̀yìn fi ń dùn ọ́?"

"Owú tí wọ́n ń lù mọ́ mi náà ni."

Ẹmú la ẹnu rẹ̀. Ó dì í lẹ́yìn mú.

Wọ́n dé òkè ọpọ́n. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni Àdá wí. "Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Ẹnu ni mo máa fi kí yín."

"Ọmọ tí a bí láàárọ̀," ni Ìyá Omi wí, "tó ti ń ṣe àìsàn arúgbó. Ó dáa. Ẹnu náà la fi ń kíni. Gbé e wá."

Ẹmú yí ọwọ́ díẹ̀. Ògúntóyè rò pé ọwọ́ òun ló yẹ̀. Ẹnu Àdá nìkan ló kan omi.

Àwọn hóró ẹnu rẹ̀ di ara wọn mú débi pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé bí nǹkan bá kan òun báyìí, ẹnu òun á ya. Ògúntóyè fà á yọ, ó gbé e sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná.

Àmọ́ ẹ̀yìn Àdá ṣì gbóná. Àwọn hóró ẹ̀yìn ń rọra fi ooru ránṣẹ́ sí àwọn ará ẹnu. "Ẹ dẹwọ́ díẹ̀," ni wọ́n ń wí. "Ẹ má tú ká o. Ẹ kàn dẹwọ́." Ẹnu Àdá wá ń pọ́n bọ̀ bí àgbàdo gbígbẹ.

"Ó tó," ni Ìyá Omi wí. "Bí wọ́n bá dẹwọ́ jù báyìí lọ, wọ́n á sùn."

Ògúntóyè kò gbọ́, àmọ́ àwọ̀ náà wù ú. Ó tún ti ẹnu àdá bọ omi, kí àwọ̀ náà má baà sá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Láṣebìkan gbé Àdá dé ìdí ìrókò, Ògúntóyè àti àwọn àgbẹ̀ sì tẹ̀lé e. Àdá di ojú. Ó wọ gbòǹgbò, kò ya. Láṣebìkan fà á, kò jáde. Ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, Àdá tẹ̀ bí ọrun. Ó já jáde, ó nà padà gbọnrangandan.

Láṣebìkan jókòó sórí gbòǹgbò náà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ògúntóyè, báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ọgbọ́n ọwọ́ ni, Bàbá."

Àdá mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí òkìtì, tí wọ́n dá wọn padà sínú iná. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀yìn ń dun àwọn náà.

Láti ọjọ́ náà ni àdá ti ń fi ẹnu nìkan kan omi lágbẹ̀dẹ, tí ẹnu rẹ̀ le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀. Ọmọdé tó bá ní ẹnu nìkan lòun fẹ́ fọ̀ láàárọ̀, pé òun kò wẹ̀, kí ó mọ̀ pé òun kì í ṣe àdá.