Ẹsẹ̀ Tó Gbé Ọkọ̀ Dé Omi

Ọkùnrin kan wà, ọmọ ìlú orí omi ni, àmọ́ ìlú òkè ló ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Akínṣọwọ́n, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo mọ ohun tí o bá wá. O ní kí n ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ, kí n bá a wí gẹ́gẹ́ bí àgbà, nítorí pé ó ń fajú ro nínú ilé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wà lọ́dọ̀ yín. Màá ránṣẹ́ sí i bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí tán.

Bàbá káfíńtà náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí ló ń gbé. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí ọmọ òun fi ọkọ̀ gbé òun padà sí ìlú àwọn, kí òun sùn nínú ilé tí òun kọ́ sórí omi kí ọlọ́jọ́ tó dé. Kò sì fẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Òun ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀, ó sì fẹ́ jókòó nínú èyí tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ọmọ náà gbà. Oṣù méje ló fi kan ọkọ̀ náà ní ẹ̀yìnkùlé. Igi tó dára ló lò, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun àti búlúù, ó sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i nímú. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ku bí ọkọ̀ náà yóò ṣe dé omi, nítorí pé ìrìn wákàtí mẹ́ta ni láti ìlú òkè dé èbúté. Ó ní kí ẹni tó ń jó irin bá òun ṣe tirélà kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò, tí wọ́n á sì gbé ọkọ̀ ojú omi lé lórí. Ẹsẹ̀ tirélà náà ló wá kù, ìyẹn táyà méjì pẹ̀lú irin tó wà láàárín táyà kọ̀ọ̀kan.

Ó lọ sí ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta táyà. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí àwọn kan tí irin wọn ń dán bíi dígí, tí wọ́n tú lára mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́. Ọkọ̀ mi rẹwà, ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà rẹwà.”

Obìnrin náà kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹwà. Ó bi í pé, “Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n gbé, ẹ̀gbọ́n? Báwo ló ṣe wúwo tó? Ṣé wọ́n á wọnú omi? Omi iyọ̀ ni àbí omi odò?”

Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà wọlé, ó sì yí táyà méjì jáde tí ẹ̀gbẹ́ wọn nípọn, tí irin wọn sì ní àwọ̀ eérú. Wọn kò wu ojú rárá.

“Àwọn tó ń dán yẹn,” ló wí, “wọ́n ṣe wọ́n kí ìjókòó lè rọ ẹni tó wà nínú mọ́tò lọ́rùn. Bí ẹ bá di ọkọ̀ rù wọ́n, ẹ̀gbẹ́ wọn á máa tẹ̀, wọ́n á sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Iyọ̀ á tún jẹ irin wọn. Àwọn tèmi yìí, ẹrù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé kó má baà dógùn-ún ni wọ́n fi bo irin wọn. Wọn ò lẹ́wà, àmọ́ wọ́n á gbé e dé.”

Káfíńtà náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbà, ó sì mú àwọn eléérú. Di ibẹ̀ yẹn mú o, Akínṣọwọ́n: ọkùnrin náà yàn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìtàn ẹni tó yan táyà burúkú ni mo fẹ́ sọ ni, ǹ bá ti parí rẹ̀ níbí, à bá sì ti máa jẹun báyìí.

Bó ṣe ń gbé wọn lọ, obìnrin náà pè é padà. “Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ má tì wọ́n wọ omi lójú ẹsẹ̀. Ìdí wọn, níbi tí wọ́n ti ń yí, á ti gbóná bọ̀ láti ọ̀nà. Bí ohun tó gbóná bá ko omi tútù lójijì, ṣe ló máa ń fa omi sínú. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Bí wọ́n bá sì ti jáde nínú omi iyọ̀, ẹ fi omi kànga fọ̀ wọ́n, kí ẹ fi gírísì tuntun sí wọn nídìí.”

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ó fẹ́ kọ́ ọmọ orí omi ní ọ̀rọ̀ omi? “Àbúrò mi, kí n tún fi omi fọ ohun tó ti inú omi jáde? Ó ku kí n máa wẹ̀ fún ẹja nìyẹn!” Obìnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sínú ìsọ̀ rẹ̀.

Wọn kì í gbé arúgbó sínú ọkọ̀ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A máa ń dán an wò, kí igi rẹ̀ mu omi, kí a mọ ibi tó ń jò, kí a sì dí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ni káfíńtà fi ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Bó bá ti dé èbúté, á ti tirélà wọ omi pẹ̀lú ooru ọ̀nà lára rẹ̀, nítorí pé ara ń kán an láti rí ọkọ̀ rẹ̀ lórí omi. Bó bá padà délé, á fa omi nínú kànga, á fọ ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, á fi aṣọ nù ún, á sì fi òróró pa á. Àwọn aládùúgbò a máa dúró wò ó, wọ́n á ní, “Ẹ wo ọmọ tó mọyì bàbá rẹ̀.” Gbogbo iyọ̀ tó fọ̀ kúrò lára ọkọ̀, orí táyà ló ń ro sí. Kò fi igbá omi kan kàn wọ́n. Táyà náà kò sì sọ nǹkan kan. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú orí omi pé kí wọ́n máa retí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni bàbá ti wọ ẹ̀wù, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé tó ń dúró de ọdún. Wọ́n gbéra. Lẹ́yìn wákàtí méjì, láàárín igbó, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn mọ́tò. Kí káfíńtà tó dúró, èéfín ti bo táyà òsì. Táyà kò bẹ́ o. Rọ́bà rẹ̀ ṣì le koko bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìdí rẹ̀ ló gan. Àwọn ọta irin róbótó tó ń jẹ́ kó yí, iyọ̀ ti jẹ wọ́n. Tirélà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ ẹlẹ́wà náà sì fimú gún koríko.

Inú bí káfíńtà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá táyà náà. “Táyà burúkú! Obìnrin yẹn rẹ́ mi jẹ. Ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ gan-an ló já mi kulẹ̀.”

Bàbá rẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀, ó fọwọ́ ra á láti imú dé ìdí, ó sì mi orí pé ó dára, nítorí pé ó ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ìdí táyà ọ̀tún kàn, èyí tí kò tíì gan. Ìpẹtà bó sí i lọ́wọ́. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn bí èépá ojú egbò.

“Ọmọ mi,” ló wí, “o ṣeun. O fọ ọkọ̀ náà dáadáa. Ta ló ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí táyà náà. Ó rántí obìnrin inú ìsọ̀, ó rántí ẹ̀rín tí òun rín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu wọn sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ táyà ọ̀tún. Bàbá ló ń da omi fún un.

Wọ́n tú tirélà sílẹ̀, wọ́n sì fi mọ́tò lọ wá mẹ́káníìkì àti ọta irin tuntun ní ìlú tó wà níwájú. Nígbà tí wọ́n fi tún táyà méjèèjì ṣe tán tí wọ́n sì dé èbúté, òòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń retí wọn láti àárọ̀. Káfíńtà sáré, ó fẹ́ ti tirélà wọ omi. Bàbá gbé ọwọ́ lé ìdí táyà.

“Ó ṣì gbóná. Jókòó.”

“Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ilé yín rèé níwájú.”

“Mo mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí ilé yẹn, mo lè retí rẹ̀ díẹ̀ sí i. Jókòó tì í.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀, táyà wà láàárín wọn. Nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ rí. Ó sọ bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ òjò, ní ọ̀nà ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, àti bí òun ṣe bọ́ ẹ̀wù ara òun tí òun fi gbà á. Káfíńtà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tó pẹ́, bàbá tún fọwọ́ kan irin náà. Ó ní, “Ó ti tutù. Ó yá.” Wọ́n wọ omi, bàbá sì sùn nínú ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó wá kàn ọ́, ọmọ mi.

Nígbà tí o fẹ́ obìnrin yẹn, gbogbo wa la yìn ọ́, pé o kò wo ojú nìkan, pé o yan ẹni tó lè gbé ilé dúró. O yàn dáadáa. Ẹsẹ̀ kò gbé ìyá rẹ mọ́, o lọ gbé e wá sílé rẹ. Ohun tó yẹ ọmọ lo ṣe. Bí a bá wá kí ìyá rẹ, ara rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ mọ́, gbogbo ìjọ ní ọmọ rere ni ọ́. Èmi náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló wẹ̀ ẹ́? Ìyàwó rẹ ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ ní aago mẹ́rin, níbi tó ti ń gbé aláìsàn dìde láti àárọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tí o ti ń ké sí i pé, “Ìyá kò tíì jẹun o.” Ohun tó gbóná lo ń tì wọ omi yẹn. Ọdún méjì rèé. Nígbà tó wá ń ké bíi ti táyà yẹn, o sáré wá bá mi pé kí n bá ọ fi ẹsẹ̀ gbá a.

N kò bá ọ jà. Mo fẹ́ràn rẹ ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó mi fi gbé mi. Orí àga ni mo ti máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Ọjọ́ tí a fẹ́ sin ín ni mo tó bu omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Tìrẹ wà láàyè. Bí o bá délé, gbọ́ oúnjẹ kí o sì fún ìyá rẹ jẹ fúnra rẹ. Bí ìyàwó rẹ bá wọlé, gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, gbé àga fún un, bu omi wá, kí o sì jókòó tì í. Má sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan títí ara rẹ̀ á fi tutù. Bó bá sọ ohun tí kò sọ rí, má dá a lóhùn kíá. Gbọ́ ọ.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ṣé kí n ṣì ránṣẹ́ pè é, àbí o fẹ́ délé ṣáájú rẹ̀?