Àwọn Lẹ́tà Tí Bàbá Fadérera Tì Mọ́ Yàrá

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Olátúbọ̀sún, tí gbogbo Ìsàlẹ̀-Amọ̀ ń pè ní Bàbá Fadérera, fi to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kan kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n ń tò ó títí yóò fi di ọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ló ní àpótí lẹ́tà tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lápò onítọ̀hún. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àpótí ẹlòmíràn, ìjà dé nìyẹn.

Ọkùnrin tó to ìwé fún odidi ìlú kà yìí, ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀bi Àwẹ̀ró kọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n fi í sídìí amọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin síléèwé. Ìkòkò tí ọmọdébìnrin náà ń mọ ni wọ́n ń tà ra ìwé fún ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó bi í rí bóyá ó dùn ún.

Nígbà tí Bàbá Fadérera padà sílé, ó ní òun yóò kọ́ ọ. Ìyá náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ẹgbẹ́ amọ̀kòkò ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú gbọ̀ngán ìpàdé wọn, Bàbá Fadérera ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Línúùsì, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo jù fún arúgbó ẹ̀rọ. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí Àwẹ̀ró tó lọ wa amọ̀, wọn yóò jókòó síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn, níbi tí lẹ́tà tó ní àmì bá sì yẹ kó wà, àpótí òfìfo kékeré ló ń jókòó síbẹ̀.

Fadérera, ọmọ wọn, fi fọ́ǹtì ránṣẹ́ láti ìlú òkèèrè nínú fuláàṣì: odidi ìdílé lẹ́tà kan, ó tóbi, ó rí roboto. Ó ṣàlàyé lórí fóònù bí bàbá rẹ̀ yóò ṣe kó o sínú fódà, tí yóò sì sọ fún ẹ̀rọ kó tún lẹ́tà rẹ̀ kà, kó lè mọ̀ pé àlejò dé. Bàbá ṣe é.

"Àwẹ̀ró, wá wo èyí."

"Háà, Bàbá Fadérera! Àwọn wọ̀nyí ti jẹun!"

"Kí lèyí?"

"Ó dà bí ẹnu ìkòkò."

"Ẹnu ìkòkò náà ni. O là ń pè é."

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi bá a bẹ́ẹ̀, títí ìyá náà fi ń kàwé.

Ọdún yẹn ni odò bo ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Ìlú fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ tuntun, wọ́n sì fẹ́ pín in. Akínwándé, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá gbé òfin kan kalẹ̀: ẹni tí kò bá lè fẹnu ara rẹ̀ ka ìwé àdéhùn lójú gbogbo ènìyàn kò ní rí ilẹ̀ gbà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà tún tẹ̀ka sórí ohun tí kò mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà jọ àánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò jẹ́ kó lọ síléèwé ni wọ́n tún fẹ́ fìyà àìlọ síléèwé jẹ.

Nínú àwọn ìyá àgbà mẹ́fà tó wà nínú ẹgbẹ́, Àwẹ̀ró nìkan ló ní òun yóò kà á. Àwọn márùn-ún yòókù ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá rí i kà, amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Bàbá Fadérera ló tẹ ìwé àdéhùn náà, bí akọ̀wé ṣe ń pè é fún un. Kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fojú kàn án, kí wọ́n má baà sọ pé ó há a sórí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé tan ẹ̀rọ. Orúkọ ẹgbẹ́ ló fi wọlé, kì í ṣe orúkọ Bàbá Fadérera tí tọkọtaya náà fi ń kẹ́kọ̀ọ́, torí kọ̀ǹpútà náà dà bí ilé tí olúkúlùkù ní yàrá nínú rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, kò wò ó, ó yí ojú ẹ̀rọ sí Àwẹ̀ró.

"Ó yá, Màmá."

Àwẹ̀ró wò ó. Ó fi etí ìró nu ojú. Ó tún wò ó.

"Ẹ jẹ́ kó lọ mú ojú rẹ̀ wá nílé!" Ìyá Ràímí, ọmọ ẹgbẹ́ kan, ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú," ni akọ̀wé wí. "Ìwé kì í ṣe amọ̀."

Àwẹ̀ró yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Fadérera, ojú mi ti lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ojú kan náà ló fi bá ọkọ rẹ̀ yọ ẹ̀gún tó wọ̀ ọ́ níka. Bàbá dìde. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀, ojú ẹ̀rọ ló lọ wò.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ìlà kìn-ín-ní."

"Èmi tí mo pè é fún yín?"

"Ẹ má pè é látorí. Ẹ fi ìka tọ́ ọ."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka lé e. Ó sún ìka síwájú, ó dá a padà. Ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngán.

"Kí lèyí? Àpótí ló kún inú rẹ̀!"

"Àpótí náà ni ìyàwó mi rí," ni Bàbá Fadérera wí. "Ẹ̀yin ni ẹ ń wo ojú rẹ̀."

Ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Fọ́ǹtì náà wà níbẹ̀ digbí. Àṣà ilé ìtẹ̀wé ló tàn án: fódà ara rẹ̀ ló kó o sí, gẹ́gẹ́ bí àpótí lẹ́tà ayé àtijọ́. Ó dà á kọ sí fódà tó jẹ́ ti gbogbo ilé, ó ní kí ẹ̀rọ tún lẹ́tà rẹ̀ kà, ó padà wọlé lórúkọ ẹgbẹ́. Àpótí ṣì ni. Ìyá Ràímí pòṣé.

Bàbá tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí i pé orúkọ òun ṣì wà lára fáìlì náà, ẹlòmíràn kò láṣẹ láti ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi." Ó fún gbogbo ènìyàn láṣẹ, ó ní kí ẹ̀rọ tún kà á, ó pa ìwé náà dé, ó tún un ṣí.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ti jẹun."

Ó fi ìka tó ń mọ ìkòkò tọ́ ọ. "Àwa... ọmọ ẹgbẹ́... amọ̀kòkò..." Ó ṣì í kà níbì kan, ó padà síbẹ̀, ó tún un kà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó kà á dé òpin, ó gba bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ dípò ìtẹ̀ka. Kó tó gbórí sókè, àwọn ìyá márùn-ún yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní àwọn náà yóò kọ́ ọ, kí ilẹ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ àwọn.

Lọ́nà ilé, Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ti àwọn lẹ́tà náà mọ́ yàrá."

"Mo tì wọ́n mọ́ yàrá, Àwẹ̀ró. Forí jì mí."

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán wá. Èmi ni n ó máa ṣí i fún àwọn márùn-ún yẹn láàárọ̀."

Bàbá sì fi í lé e lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀ pé: ká tó yẹ ojú àgbà wò, ká kọ́kọ́ yẹ ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ wò.