Ọ̀nà Àpáta àti Ìkòkò Epo

Ẹ bá ará Ìdí-Àpáta rìn, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: "Ẹni tó ru ẹrù ní í yan ọ̀nà." Àlejò á ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ṣebí àgbà ní í ṣíwájú, tí ẹlẹ́rù á máa tẹ̀ lé e? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó bí i, onítọ̀hún sì máa ń fọ́nnu.

Orí òkè gíga ni baba wọn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú dó. Ààrò àtijọ́ tó wà lókè yẹn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ se iṣu tuntun lọ́dọọdún. Bí ará ìsàlẹ̀ ò bá rí èéfín kí oòrùn tó wọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀dá ti ba àgbàdo jẹ́, èlùbọ́ ti tán nílé, ebi ń pa ọmọdé.

Nígbà tí ọjọ́ pé láti gbé iṣu lọ sókè, Ọdẹ́táyọ̀ ọdẹ ni wọ́n ní kó ṣíwájú. Àwẹ̀ró, ìyàwó kan nínú agbo ilé rẹ̀, ru agbọ̀n iṣu, ó gbé ìkòkò epo lé e. Ọdẹ́táyọ̀ ní tirẹ̀ gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Ọ̀nà méjì ló lọ sókè. Ọ̀kan lọ́ yí òkè po lábẹ́ igi, ó jìn. Èkejì gba ojú àpáta lọ tààrà. Ọdẹ́táyọ̀ ní àpáta làwọn máa gbà, pé òun ti lé ọ̀bọ gun ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, nítorí ìyàwó ilé kì í bá ọkọ jiyàn lójú ọ̀nà.

Wọn ò tíì gùn ún jìnnà tí àpáta fi nà ró bí ògiri. Ẹni tó bá máa kọjá, àfi kó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi tó sán lára rẹ̀ mú. Ọdẹ́táyọ̀ rá gòkè, ó ní kí obìnrin náà máa bọ̀.

"Ọkọ mi, ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ẹrù," ni Àwẹ̀ró wí. "Èwo ni kí n fi di òkúta mú?"

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń kùn pé ẹrù táṣẹ́rẹ́ yìí náà ló ń dá a dúró. Ó ní kó gbé e fún òun. Àwẹ̀ró gbé e rù ú, ó sì bá a gba ìbọn.

Ọdẹ́táyọ̀ kọjú sí àpáta. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lára ẹrù, ìkòkò mì. Ó yára dá ọwọ́ padà. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, epo dà sí i létí. Inú Àwẹ̀ró dùn díẹ̀, n ò ní parọ́, àmọ́ oòrùn ń lọ, ebi sì ń pa ọmọ tirẹ̀ náà nílé. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà yí padà jẹ́jẹ́, ó forí lé ọ̀nà abẹ́ igi.

"Ọkọ mi, ṣé a ò gba àpáta mọ́ ni?"

Kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹni tó ru ẹrù ní í yan ọ̀nà."

Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí ìlú rí èéfín. Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n yó. Àwẹ̀ró sọ ọ̀rọ̀ náà fáwọn ìyàwó ilé, àwọn ìyàwó ilé ò sì pa á mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo bá ń júwe ọ̀nà fún ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, wọ́n á rọra sọ fún un ní Ìdí-Àpáta pé: ẹni tó ru ẹrù ní í yan ọ̀nà.