Àwẹ̀ró Oníbúlọ́ọ̀kù àti Ògiri Ìrẹ̀wọ̀lédè

"Níwọ̀n ìgbà tí èmi Oyèékanmi bá ṣì ń mí, kò sí olè, kò sí ejò, kò sí omi kan tí yóò gba ibí yìí kọjá!" Báyìí ni alága ẹgbẹ́ onílé Ìrẹ̀wọ̀lédè wí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ògiri ńlá ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn màlúù tó fẹ́ tà, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ìtàn kò ní purọ́ mọ́ ọn: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Omi kò kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìlú ni Ìrẹ̀wọ̀lédè wà, níbi tí ọ̀dà títì parí sí tí iyẹ̀pẹ̀ pupa ti gbà á. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, òkè lápá kan, odò Àlùgbọ̀ nísàlẹ̀. Lọ́dún tí à ń wí yìí, àwọn olè ń gba etí odò wọlé. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n padà wá gbé ti mọ́ṣáláṣí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ṣojúsàájú. Ẹ̀rù mú àwọn ènìyàn débi pé bí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó ní láti dá orúkọ ara rẹ̀. Àkókò yìí ni Oyèékanmi dìde. Wọ́dà ni ọkùnrin náà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohun kan tí iṣẹ́ náà sì kọ́ ọ ni pé ihò ni ìbẹ̀rẹ̀ ìsáǹsá. Ó kó àwọn onílé lẹ́yìn lọ sí káńsù, káńsù fọwọ́ sí i, wọ́n sì mọ ògiri láti ìpẹ̀kun àdúgbò kan dé ìkejì.

Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni wọ́n ti kó búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ta ni kò mọ Àwẹ̀ró? Àwẹ̀ró, a-po-sìmẹ́ǹtì-bí-ẹni-ro-ọkà, obìnrin tó ti tẹ ìdó kí ọkùnrin tó gbé àdá dé. Nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí ọ̀yà ń fi ojú títì òní ṣe pápá ìṣeré, òun ló kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń bi í léèrè bóyá ẹnì kan ló lé e nílùú. Kò sí ilé kan ní Ìrẹ̀wọ̀lédè tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sí lára. Ọgbà tó ti ń tẹ̀ wọ́n wà láàárín ògiri tuntun náà àti odò: ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù, òkìtì yanrìn, ahéré tó ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Àwọn bíríkìlà fi ojú mẹ́ta sílẹ̀ nídìí ògiri kí omi òjò lè máa gba ibẹ̀ lọ sódò. Alága rí i, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ti rí ẹlẹ́wọ̀n tó gba ojú fèrèsé tí ológbò kò lè gbà sá lọ. Ó po sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, ó dí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì rẹ́ ẹ títí kò fi sẹ́ni tó lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹnu iṣẹ́ náà ni Àwẹ̀ró ti bá a.

"Alága, níbo lẹ wá fẹ́ kí òjò gbà?"

"Kó gba ibi tó gbà wá padà."

"Ṣé ẹ ó bá a sọ ọ́?"

"Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ ti ta ọjà yín. Ẹ jẹ́ n ṣọ́ èyí tí mo rà."

Obìnrin náà wo ọwọ́ alága tó kún fún sìmẹ́ǹtì, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjò oṣù kẹsàn-án dé. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ bí òjò tí kò ní í pẹ́, nígbà tó fi di ọ̀sán, gbogbo omi òkè ti ya wá sísàlẹ̀, ó bá ògiri pàdé, ó sì jókòó tì í. Ní ẹsẹ̀ ògiri, ó mu ènìyàn dé ìbàdí. Ilé kan wà níbẹ̀ tí ó rì ju títì lọ, níbi tí arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Súbèdá ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé rẹ̀. Nítorí olè, wọ́n ti fi irin dí gbogbo fèrèsé. Nítorí olè náà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn onírin tó ń ṣí síta. Omi ti ilẹ̀kùn náà pa. Àwọn tó wà nínú ilé kò lè jáde, àwọn tó wà níta kò lè wọlé. Àwọn ìyá gbé ọmọ lé èjìká. Ìyá Súbèdá ti gun orí tábìlì, ó di irin fèrèsé mú.

"Alága!" ó kígbe. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Olè kankan ò tíì wọlé o!"

Oyèékanmi gbọ́. Ó sáré gun òkè lọ. Ó ti pe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn, Ọnárébù Mufútáù, ọkùnrin náà sì ti dé, ṣùgbọ́n orí òkè ló dúró sí, nínú ọkọ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ níwọ̀n tí ohùn lè gbà.

"Ọnárébù, ẹ bá wa wá kátàpílà."

"Kátàpílà kẹ̀? Bàbá, ọjọ́ tí a ti gé ríbọ́nnì ògiri yẹn ló ti di ti ìjọba. Káńsù ní láti jókòó lé e lórí."

"Ìgbà wo ni káńsù máa jókòó?"

"Alága káńsù rìnrìn àjò. Tí wọ́n bá dé, a ó yan ìgbìmọ̀."

"Omi ti dé àyà àwọn èèyàn!"

"A ó sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n yára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri yẹn o. Ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ẹ̀wọ̀n, Bàbá."

Oyèékanmi sọ̀ kalẹ̀ padà. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ó rí Àwẹ̀ró tó ń wọ́ omi bọ̀, ó ti ṣán aṣọ mọ́ra, ó gbé dígà lé èjìká, irin gígùn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹsẹ̀ alága dúró níwájú ògiri rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun dúró.

"Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ ti rò ó dáadáa? Bí omi yìí bá jáde, ọgbà yín ló máa kọ́kọ́ gbà. Kò ní í ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Àwẹ̀ró fi dígà gúnlẹ̀ nínú omi. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ Ìrẹ̀wọ̀lédè mọ̀ ọ́n sórí:

"Alága, èmi ni mo kọ́kọ́ sùn sórí ilẹ̀ yìí. Èmi àti ejò la jọ sùn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá lẹ́yìn, èmi ni mo sọ fún yín pé ilẹ̀ yìí dára, ẹ wá kọ́lé. Ṣé kí n wá dúró báyìí kí n máa wo omi kó máa mu ẹni tí mo pè wá? Búlọ́ọ̀kù, mo tẹ̀ ẹ́ ni. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ṣì wà lára mi. Ìyá Súbèdá tó wà nínú ilé yẹn ńkọ́, ta ló lè tẹ òun? Bí káńsù bá ń wá ẹni tí wọn yóò mú, ilé mi ò sá lọ. Ẹ yẹra."

Alága yẹra. Àwẹ̀ró gbé dígà sókè, ó gún ògiri. Àwọn kan ń sọ lónìí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gún un tó fi ya. Irọ́ ni. Ó gún un léraléra, ògiri kò mì. Àwẹ̀ró kì í tẹ búlọ́ọ̀kù tí kò dára, ọjọ́ náà ló sì kọ́kọ́ kábàámọ̀ rẹ̀. Nínú ilé, igbe àwọn ọmọ ti ń rọlẹ̀, èyí sì bani lẹ́rù ju igbe lọ.

Oyèékanmi ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ògiri náà ti rọ̀. Ó wọ́ omi lọ sídìí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ títí omi fi dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́.

"Ìyá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ibí ni. Ẹ gún un níbí."

Àwẹ̀ró gún un níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí alága fi dí ojú náà jìn. Alága wá èkejì, obìnrin náà gún un; bí wọ́n ti ń wá ẹ̀kẹta ni ògiri mí kanlẹ̀, ó yẹ̀ síta, ó sì wó. Omi bú ramúramù. Ó fẹ́ gbé Àwẹ̀ró lọ, Oyèékanmi gbá a ní apá mú, àwọn ọ̀dọ́ gbá alága mú láti ẹ̀yìn, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Lójú wọn ni omi gbé yanrìn lọ, ó gbé ahéré lọ, ó yí ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù gbirigbiri bí ọmọdé ti ń yí táyà, ó sì jù ú sódò. Àwẹ̀ró wò ó tán. "Ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn," ló wí. Wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó kú.

Káńsù jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró pé ó ba ohun ìní ìjọba jẹ́. Gbogbo Ìrẹ̀wọ̀lédè tẹ̀ lé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Oyèékanmi dìde, ó ní, "Èmi ni mo dí ojú ògiri yẹn. Ẹ̀wọ̀n ò ṣàjèjì sí mi." Ó jókòó. Ọnárébù Mufútáù wo àjà ilé. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, títí di òní olónìí ló sì wà níwájú náà.

Láti ìgbà náà ló ti di òfin ní Ìrẹ̀wọ̀lédè pé bí ènìyàn bá mọ ọgbà, kí ó tó kan géètì, àwọn àgbà yóò wá pẹ̀lú garawa omi kan. Wọn yóò dà á sílẹ̀ nínú àgbàlá. Bí omi náà kò bá yọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì, onítọ̀hún yóò lu ojú sí ìdí ògiri rẹ̀ lójú wọn. Ojú Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe ihò náà, kò sì sí ilé tí kò ní.

Ọgbà Àwẹ̀ró kò bọ̀ sípò mọ́, nítorí odò ti jẹ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Oyèékanmi hú gbogbo òdòdó tó gbìn síwájú ilé rẹ̀, kò pe ìpàdé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá Àwẹ̀ró.

"Ìyá, ilẹ̀ kan ń bẹ níwájú ilé mi tí kò ṣe nǹkan kan."

Àwẹ̀ró wò ó. "Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń pariwo o, Alága."

"Mo gbọ́."

"Eruku rẹ̀ náà ń bẹ."

"Mo ti ní àkísà."

Títí tí Oyèékanmi fi re ibi àgbà ń rè, àfẹ̀mọ́jú ni ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù tuntun Àwẹ̀ró ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Á jí, á fi àkísà nu sìmẹ́ǹtì kúrò lórí àga, á jókòó, á gbé rédíò rẹ̀ sétí, kò sì ní í gbọ́ ohun kan tó ń sọ.