Ìbọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́dọ̀ Rí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn ọdẹ ìlú náà. Nígbà tí bàbá kú, ó fi ìbọn ìléwọ́ kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí kò sí lọ́wọ́ ọdẹ mìíràn ní agbègbè wọn. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sí i bíi ti ṣakabùlà, ṣùgbọ́n ó ní agolo irin kan láàárín tí wọ́n lu ihò mẹ́fà sí. Bí ọdẹ bá ti fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, agolo náà á yí, ihò kan á sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn.

Àṣà ìlú náà ni pé lọ́jọ́ ìṣípà, ìyẹn ètùtù ìkẹyìn fún olórí ọdẹ tó kú, ọmọ tó bá fẹ́ jẹ oyè bàbá rẹ̀ ni yóò yin ìbọn olóògbé níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ìbọn bá kọ̀, oyè kọ̀ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí ojú òun náà wà lára oyè.

Ẹ̀tù a máa jẹ irin. Nígbà tí ara bàbá le, gbogbo ìgbà tó bá yin ìbọn náà ló ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tó ń sá a sí oòrùn, tó sì ń fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n ọdún tí àìsàn dá a wó, ìbọn wà ní àjà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ọmọ tú u, ìpẹtà ti jẹ nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: ìka irin tó ń ti agolo yí, ìkọ́ tó ń dá a dúró, àti sípíríǹgì tó ń ta òòlù.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Ọdẹ́wùmí, ẹ ò ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wa? Bàbá tiẹ̀ ló ń tún un ṣe fún bàbá yín.”

“Alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ àbúrò ẹni tí a jọ ń du oyè? Kí n kúkú na ọrùn fún un, kí n tún bá a pọ́n ọ̀bẹ.”

“Ó ti fẹ́ ẹ tipẹ́ kí bàbá yín tó ṣàìsàn. Wọn ò tíì gbé yín mì.”

“Ẹnu tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n fi ń géni jẹ.”

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ àwọn èèyàn ló ń wò, kì í wo ojú wọn mọ́. Bí àlejò bá yà kí i, á da ẹní bo àpótí ìbọn. Ó so òwú tín-ín-rín mọ́ ẹnu àpótí náà, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣí i. Nígbà tí eku gé òwú náà, ìyàwó rẹ̀ ni kò bá sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Yóò gbé nǹkan mẹ́ta náà lọ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní mọ̀ pé ìbọn ni. Ó gbé ìkọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló bàjẹ́. Ó gbé sípíríǹgì fún ẹnìkan tó ń tún aago ṣe ní Ìgbòho, ó ní aago ara ògiri ni. Ó gbé ìka lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Ṣakí.

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà yí irin ọ̀hún síwá sẹ́yìn. “Bàbá, ẹ̀rọ ìránṣọ wo ló ń lo irú èyí?”

“Ti àtijọ́ ni. Ti ìyá mi.”

“Ẹ gbé e wá, kí n fi wọ̀ ọ́ wò. Irin tó ń ti irin, ojú ara wọn ni wọ́n ti ń mọ ara wọn.”

“Ó wúwo.”

“Ẹ gbé e sórí ọ̀kadà.”

“Ọ̀kadà ò dé ọ̀dọ̀ wa.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló wá ń ránṣọ fún yín níbẹ̀, ọ̀bọ?”

Ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ta ló rán eléyìí sí mi? Kí ló fẹ́ fi ọ̀nà ilé mi ṣe?

Nígbà tí wọ́n tún nǹkan mẹ́ta náà ṣe tán, ó kó wọn délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tò wọ́n sínú ìbọn. Gbogbo wọn wọlé. Ó fa òòlù, agolo yí, ṣùgbọ́n ihò kò dé ojú ọ̀pá tán. Ó kù díẹ̀, bí èékánná ọmọ tuntun. Kò yìn ín wò, kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ó ní lójú agbo, yóò gbọ́ràn.

Lójú agbo, ó yìn ín. Ọta gbá etí ọ̀pá, agolo fọ́ yángá, ó sì gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó fa dàǹṣíkí ara rẹ̀ ya láti fi di ọwọ́ náà. Alágbẹ̀dẹ gbé e sórí alùpùpù. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn yẹn, ohun tó ń bi wọ́n ni pé, “Níbo lẹ ń gbé mi lọ?”

Ọdẹ tí kò ní àtàǹpàkò kò lè fa òòlù ìbọn mọ́. Oyè bọ́.

Nígbà tí ojú egbò jiná, ó wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, ó na ọwọ́ náà sí ọkùnrin ẹlẹ́rọ. “Wo ohun tí o fi ìbọn mi ṣe.”

“Ìbọn kẹ̀? Bàbá, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ bá mi sọ. Mo dín in kù díẹ̀ kó má baà máa ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́ ìyá yín lọ́wọ́.”

Ọdẹ náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì wọ mọ́tò lọ sílé.

Ìwọ tí mo ń pa ìtàn yìí fún, o sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́, ó sì fún ọ ní oògùn ẹsẹ̀. O sọ fún elégbòogi pé oorun ni o kò rí sùn, ó se àgbo oorun fún ọ. O wá bá èmi wòlíì pé kí n gbàdúrà lórí ọ̀tá ilé, mo sì gbà á. Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdáa nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ò ń rù sí i. Ohun tó kù tí o kò sọ, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní gbàdúrà mìíràn lónìí. Ìyàwó rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó tẹ̀ lé ọ wá. Pè é wọlé, kí o sọ ọ́ tán lójú àwa méjèèjì.