Bí Ìjàpá Agbẹjọ́rò Ṣe Pọn Ilé Rẹ̀ Lọ sí Ìgbìmọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ni ó ń gbé ilé rẹ̀ kiri, tí kò sì délé rí?

Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó dára. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì já mi lẹ́nu. Ẹ ó mọ̀ ọ́n kí á tó dìde. Àlọ́ mi yí gbiiri, ó yí gbiiri, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Ìjàpá agbẹjọ́rò, ọkọ Yánníbo.

Ní Etí-Odò, ìlú àwọn ẹranko, kò sí ẹni tó mọ ẹjọ́ rò bí Ìjàpá. Bí ó bá gbèjà olè, ẹni tí wọ́n jà lólè ni yóò tọrọ àforíjì. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Yánníbo a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a jọ jẹ ẹ̀bẹ nínú àwo kan. Ìjàpá a máa sín àwọn tí ó borí ní kóòtù jẹ, Yánníbo a sì rẹ́rìn-ín títí omi a fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn dùn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ẹfọ̀n ni aṣojú Etí-Odò nínú ìgbìmọ̀ Kìnnìún ọba, ní òdìkejì odò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò fún un, kò padà wálé mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló kó àwọn ará ìlú lọ bá Ìjàpá. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé iwájú ọba.

Ìjàpá tún aṣọ dúdú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, níbo lẹ ti jí láàárọ̀ yìí?"

"Níhìn-ín ni. Kí ló dé?"

"Nínú ilé ta ni?"

"Ilé àlejò ọba ni."

"Ẹ̀yin ará ìlú, ta ló gbọ́ ikọ́ Ẹfọ̀n láàárọ̀ yìí nínú yín?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

"Kábíyèsí, ẹ ṣe é lófin: ẹni tí kò bá jí nínú ilé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣojú wa."

Kìnnìún mi orí. "Ó di òfin."

Wọ́n yọ Ẹfọ̀n kúrò lórí àga. Ni àwọn ará ìlú bá ń wo ojú ara wọn: ta ni yóò rọ́pò rẹ̀? Ìjàpá wúkọ́.

"Bí ẹ bá sáà fi dandan mú mi ni."

"Kò sẹ́ni tó mú ọ," Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn.

"Mo ti gbà. N kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu."

Ó ṣèlérí pé òun yóò mú kí ọba ṣe afárá sórí odò. Wọ́n dìbò fún un. Yánníbo di ẹrù rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni."

Ìrọ̀lẹ́ dé. Ìjàpá kò dé.

Àga ìgbìmọ̀ rọ̀ bí òwú. Wọ́n ń gbé ẹran wá fún un kí ó tó béèrè. Ó ránṣẹ́ sílé pé, "Odò kún. Bí wọ́n bá ti ṣe afárá, n ó dé." Òun gan-an ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀ afárá, kò sì fẹnu kàn án rí. Yánníbo a jáde sí etí odò ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwo ẹ̀bẹ lọ́wọ́, a máa kọrin sí òdìkejì. Ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ mi, ẹ̀bẹ ti jinná,
*Máa bọ̀ nílé.*
Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ní,
*Máa bọ̀ nílé.*
Ta ni n ó bá rẹ́rìn-ín?
*Máa bọ̀ nílé.*

Afẹ́fẹ́ a gbé orin náà dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá. Ìjàpá a gbé ẹran dání, a tẹ́tí sí i tán. Lẹ́yìn náà, a gbé e mì.

Nígbà tí odò fà tán, tí Ìjàpá kò tún dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá ọba.

"Kábíyèsí, ẹ bi agbẹjọ́rò wa léèrè ibi tó ti ń jí."

Ọba pàṣẹ pé ní ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí Ìjàpá fi hàn pé inú ilé ara rẹ̀ ló ti jí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dìde lórí àga.

Ìjàpá gba ilé lọ. Bí Yánníbo ti rí i lókèèrè, ó ju ìgbálẹ̀ nù. "Ẹ káàbọ̀! Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi!" Wọ́n jọ jẹ ẹ̀bẹ nínú àwo kan. Ìjàpá sín Kìnnìún jẹ, Yánníbo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ọkọ òun ti dé.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó rí Ìjàpá lórí òrùlé, ó ń tú ilé.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé ilé mi lọ sí ìgbìmọ̀ ni. Ibi yòówù tí mo bá ti jí, inú ilé mi ni."

Ó dín ilé náà kù, ó tún dín in kù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé e. Ó yọ ibi ìdáná. Ó yọ ibi ìjókòó ẹnu ọ̀nà. Ó fi oje igi lẹ àwọn àfọ́kù ògiri tó kù pọ̀, ó pọ̀n ọ́n.

"Èmi ńkọ́? Àyè tèmi dà níbẹ̀?"

"Yánníbo, ìwọ kọ́ ni wọ́n dìbò fún."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé ìgbìmọ̀, ó fa orí wọlé, ó tún yọ ọ́ jáde. "Kábíyèsí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú ilé ara mi nìyí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọba ti fẹ́ dá a láre nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sórí ẹ̀ka.

"Agbẹjọ́rò, ṣé ilé rẹ nìyẹn?"

"Ilé mi ni. Ta ló ń jiyàn?"

"Ìlú wo ló wà?"

Ìjàpá fa orí wọlé, kò yọ ọ́ jáde.

"Kábíyèsí, ọ̀dọ̀ yín níhìn-ín ni ilé náà wà. Ní Etí-Odò, ilẹ̀ lásán ló kù, àti ìyàwó kan tí oòrùn ń pa. Kò nílé lọ́dọ̀ wa mọ́. Báwo ni yóò ṣe ṣojú wa?"

Ọba ní òótọ́ ni. Wọ́n gba àga lọ́wọ́ Ìjàpá.

Ó fẹ́ bọ́ ilé náà sílẹ̀ kó tó padà sọ́dọ̀ Yánníbo. Ó fà á, kò bọ́. Ó fara gbo igi, kò bọ́. Oje ti gan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi tó ti ń bá a jà ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì rọ̀ títí. Nígbà tó rí i pé kò ní bọ́ mọ́, ó forí lé ilé.

Kò rí iná. Kò gbọ́ orin. Ó rí ilé kékeré kan nílẹ̀, tí kò tóbi ju Yánníbo lọ. Òjò ti pa obìnrin náà títí, òun náà ti fi àwọn àfọ́kù tí ọkọ rẹ̀ yọ sílẹ̀ kọ́ tirẹ̀, ó ti pọ̀n ọ́n. Ìjàpá fi ilé tirẹ̀ kan ti Yánníbo: kò, kò, kò.

"Yánníbo, èmi ni o. Mo ti dé. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Yánníbo yọ orí díẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ káàbọ̀. Ilé yìí kò gbà ju ẹnìkan lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ."

Ó fa orí wọlé.

Ìdí nìyí tí ìjàpá fi ń gbé ilé rẹ̀ kiri títí dòní, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bí àfọ́kù tí a lẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá rí akọ àti abo nínú igbó, tí akọ ń fi ilé rẹ̀ gbá ti abo, kò, kò, kò, ẹ má pè é ní ìjà. Ó ń kan ilẹ̀kùn ni.

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu mi má rún ẹ̀pà mọ́. Ẹ gbé ẹ̀pà wá, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ró.