Ẹfúnyẹmí Ọmọ Elépo

Ní ìlú Ìdí-Ọ̀pẹ láyé àtijọ́, kò sí ilé tí epo pupa kì í ta sí lára. Àwọn ọkùnrin ń fi igbà gun ọ̀pẹ, àwọn obìnrin ń se ẹyìn, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń fọ epo nínú eku, kòtò ìfọpo wọn. Ògiri wọn pupa, àtẹ́lẹwọ́ wọn pupa, wọn kò sì mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí èèyàn lè fi se ọbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni kì í fọwọ́ kan epo láàárín wọn. Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ilé Òrìṣà-ńlá láti ìlú mìíràn ni, ọkọ ló gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹfún, ẹfun òrìṣà ni wọ́n ń tọ́ka sí: aṣọ funfun ni tirẹ̀, òrí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀, epo pupa sì ni èèwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn ọmọdé fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwà obìnrin náà pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òun ló ń la ìjà orogún. Òun ló ń gba ọmọ aláìníyàá tọ́. Nígbà tí ìyàn mú, ìdí ààrò rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti jẹun. Bí èèyàn bá rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun jọ ọ́? Ilé kan sọ ọmọ ní Ẹfúnyẹmí, ilé kejì tẹ̀ lé e, ó sì di àṣà. Kò pẹ́ tó fi di pé bí ìyá kan bá pe Ẹfúnyẹmí lẹ́bàá ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, ọmọdébìnrin bíi mẹ́fà ni yóò dáhùn, gbogbo wọn á sì ti fi epo ra ẹnu.

Ògúnjìmí akọpẹ wà lára àwọn tó bá àṣà náà lọ. Ìdílé Ògún ni tirẹ̀, ìdílé àdá àti igbà. Ṣùgbọ́n Ẹfúnyẹmí àgbà fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, Àṣàbí, lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ti sọ̀rètí nù. Nígbà tí ìyá àti ọmọ yè é, Ògúnjìmí ní orúkọ ẹni tó yọ àwọn nínú ewu ni ọmọ òun yóò máa jẹ́.

Àgbà obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ògúnjìmí ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ní ilé tó ti wá o. Ṣé o ti béèrè èèwọ̀ rẹ̀?"

Ògúnjìmí dáhùn pé, "Ìyá, ìfẹ́ la fi sọ ọ́. Ìfẹ́ ò ní èèwọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó dùn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún bá a jiyàn? Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ó mọ epo fọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ ọ́n jẹ. Bí wọ́n bá fún un ní iṣu sísun àti epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀, ọjọ́ náà ti di ọjọ́ ọdún fún un.

Nígbà tó tó ilé ọkọ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan láti Òkè-Awùn, Ọdẹ́wálé, ní ọmọ náà ni òun fẹ́. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni láti ìlú kan sí èkejì, nítorí náà alárenà ló ń lọ tó ń bọ̀. Alárenà ròyìn ẹwà ọmọ, ó ròyìn ìwà rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀. Kò ronú kan iṣẹ́ baba rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn ará Òkè-Awùn kó obì, orógbó, oyin àti iṣu rán alárenà, wọn kò fi epo kún un. Àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ ní, "Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ta ní ń gbé epo lọ fún elépo?" Wọn kò mọ̀ pé nítorí orúkọ ọmọ ni àwọn àna wọn kò ṣe fi epo kún un.

Ìyá Ọdẹ́wálé gba ìyàwó yìí bí ẹni gba ẹyin. Ó sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òrìṣà ló wọlé tọ àwọn wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi epo pupa tó ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ra ìkòkò tuntun fún un. Ó rán èèyàn lọ ra òrí lọ́nà jíjìn. Fúnra rẹ̀ ló ń se ọbẹ̀ ọmọ náà, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì. Èmi ò tíì gbọ́ ìyá ọkọ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹ bá sì gbọ́ òmíràn, kí ẹ sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ funfun náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun Ẹfúnyẹmí. Ìyàwó tuntun kì í ṣa oúnjẹ, kì í sì í bi ìyá ọkọ pé kí ló dé. Yóò kúnlẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì gbé e tì. Òórùn epo ń ta sí i láti ìdí ààrò àwọn ìyálé rẹ̀. Ó rò ó títí, ó ní ó dájú pé wọ́n ka òun sí ẹni tí epo ilé wọn kò tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú. Ọkọ rẹ̀ ń bá a jẹ ọbẹ̀ òrí náà kó má baà dá jẹun, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú díẹ̀, á yọ́ lọ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ elépo ìyá rẹ̀. Bí ó bá sì bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló ń pa á lẹ́kún, èsì kan náà ni: "Kò sí nǹkan kan."

Ó rù títí egungun ọrùn rẹ̀ fi yọ. Baálé agbo ilé náà, Bàbá Ọdẹ́kúnlé, pe gbogbo wọn jọ. Ó ní ìyàwó tí wọ́n ń kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń sunkún, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ránṣẹ́ sí Ògúnjìmí pé kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá Ọdẹ́wálé sunkún lọ́jọ́ náà, Ẹfúnyẹmí náà sunkún nínú yàrá tirẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ gidigidi.

Nígbà tí ìròyìn dé Ìdí-Ọ̀pẹ, ara Ògúnjìmí kò gbà á. Ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí náà ó ru agbè epo ńlá kan, epo tó dára jù nínú ẹbu rẹ̀, ó mú ọ̀nà Òkè-Awùn pọ̀n. Bó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójúde, tó ṣí ẹnu agbè náà, Ìyá Ọdẹ́wálé fò jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ọ̀nà.

"Àna mi, ẹ má gbé e wọlé o! Ẹ̀yin baba tó bí i, ẹ̀yin lẹ tún fẹ́ fi èèwọ̀ pa á?"

"Èèwọ̀ ta ni?" ni Ògúnjìmí bi í.

Kò tíì rí èsì gbà tí Ẹfúnyẹmí fi gbọ́ ohùn baba rẹ̀, tó sì jáde. Ó rí baba, ó rí epo. Àwọn ìyálé rẹ̀ ń sun iṣu lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó mú iṣu kan láàárín iná, ó bù ú sí méjì, ó tì í bọ inú agbè, ó sì gbé e sẹ́nu.

Igbe ta. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí, wọ́n ń retí kí ara rẹ̀ wú, kí ó ṣubú. Ẹfúnyẹmí jẹ èkínní tán, ó jẹ èkejì. Epo ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Nígbà tó gbé e mì, ó bojú wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ṣé iṣu ṣì wà?"

Bàbá Ọdẹ́kúnlé yíjú sí Ògúnjìmí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ilé òrìṣà?"

"Ilé akọpẹ ni wá. Inú epo la bí i sí."

"Báwo wá ni Ẹfún ṣe bá yín tan?"

Ògúnjìmí forí balẹ̀. "Kò bá wa tan, bàbá. A kàn fẹ́ràn ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni."

Ìyá Ọdẹ́wálé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Ọmọ mi, èéṣe tí o kò sọ?"

"Mo rò pé ẹ kò fẹ́ kí n jẹ epo yín ni."

"Yé è! Èmi tí mo ti fi ìrìn òrí pa èèyàn!" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹkún tó bá a. Ọjọ́ náà gan-an ló ti ń pè é ní Elépo Mi, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ à ń dá ìyàwó padà mọ́.

Ìtàn náà ṣáájú Ògúnjìmí dé ilé. Àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ kò tún fi orúkọ náà sọ ọmọ mọ́, wọ́n padà sí orúkọ ìdílé wọn. Wọ́n lọ bẹ àgbà obìnrin nì kí ó má bínú. Ó ní, "Kí ni n ó bínú sí? Ẹ fẹ́ràn mi tó. Ẹ ṣáà fi orúkọ mi sílẹ̀ fún mi." Títí di òní, ilé tí ẹ ó ti gbọ́ orúkọ náà kò pọ̀.

Nígbà tí Elépo bí ọmọbìnrin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé oríṣiríṣi orúkọ tó gbòde wá fún un. Kò gba ọ̀kan. Ó wo ọrun àti apó tó wà lára ògiri ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ọmọ ní Ọdẹ́bùnmi. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí baba ọmọ tuntun tó ń fi orúkọ olórúkọ dánra wò, ohun tó ń pa lówe fún un ni pé: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.